Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Lẹ́nu Ihò

Lórí orúnkún ṣòkòtò ọkọ mi ni mo ti rí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ iléèwé ni mò ń rán ní Pápá Àjàó, láti ìgbà tí mo ti ń pọn àkọ́bí mi títí di òní tí òun náà ti ń pọn ọmọ tirẹ̀. Kò sí bọ́tìnì kan nínú ilé wa tí kì í ṣe èmi ni mo rán an. Ìgbà tí mo wá ń ṣa aṣọ fífọ̀ jọ lọ́jọ́ kan, tí mo fa ṣòkòtò kakí rẹ̀ yọ, tí mo rí i pé wọ́n ti lẹ orúnkún òsì, òwú dúdú onílọ̀ọ́po méjì, ìrán ọwọ́, tó gùn níhìn-ín tó kúrú lọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyanrìn, ńṣe ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń bá mi lẹ ṣòkòtò ọkọ mi?

Mi ò pariwo. Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláriwo! Mo ká ṣòkòtò náà, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwọn aṣọ mi nínú àpótí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Rélùweè ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìdó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, omi ló máa mu sí i, kò ní wí nǹkan kan. Mo rò pé tó bá ti fẹ̀yìn tì, yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kó máa gbọ́ rédíò, kó máa wo àwọn tó ń kọjá. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún sáà kan. Ìgbà tó yá ló pàdé àwọn ọmọ kan ní Yaba, àwọn tó jáde yunifásítì, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ kan. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni pé kí wọ́n kó okùn àti tọ́ọ̀ṣì sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lọ sí ìlú tó ní òkè, kí wọ́n rákòrò wọ inú ihò àpáta, kí wọ́n rákòrò jáde, kí wọ́n sì padà wá sí Èkó. Ó tán! Wọn ò wa góòlù, wọn ò pa àdán. Ọkọ mi, bàbá àgbà, ló bá wọ ẹgbẹ́.

"Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?" mo bi í.

"Òkùnkùn ni."

"Ṣé èyí tí wọ́n ń fún wa ní Mushin ò tó yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ wọhòwọhò ni mo sọ wọ́n láti ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí mo ní láti sọ níbí kí n má baà gbàgbé. Mo ní oríkì. Ìyá ìyá mi ló fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú, ọkọ mi nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, inú yàrá wa náà sì ni. Àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ẹ má wulẹ̀ retí ẹ̀. Tèmi ni.

Ká padà sórí ṣòkòtò. Ìrìn àjò tí orúnkún yẹn fi ya, ọkọ mi ò sùn nílé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wọlé, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ní bọ́ọ̀sì ló bà jẹ́ lọ́nà. Mo ní ẹ kú ewu. Mo gbé omi gbígbóná fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n pa iná yàrá mọ́ tí a bá fẹ́ sùn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó máa tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, tí gílóòbù bá tàn báyìí, á ní ó ń ta òun lójú! Mo ní ó ń dúró de fóònù ni. Fóònù sì ń dún lóòótọ́. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó ròkè, tí mò ń gbọ́ láti ibi tí mo jókòó sí: "Dádì, ṣé ara yín ti balẹ̀?" Tí mo bá béèrè pé ta ni, á ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni.

Ó tún wá ń wò mí. Mo lè máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kí n gbójú sókè, kí n rí i pé ó ti tẹjú mọ́ mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lẹ ń wò?"

"Kò sí."

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú ìwò yẹn. Ìwò ẹni tó ti ṣe nǹkan ni.

Mo tilẹ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ́jọ́ kan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti lọ gbẹ̀yìn, mo ti ń rò pé ó ti sú u, àfi bó ṣe gbé báàgì kọ́ ọrùn láàárọ̀ Sátidé kan. Mo jẹ́ kó lọ ṣíwájú. Èmi náà wọkọ̀ lọ sí Yaba, mo lọ dúró sẹ́yìn ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù, mo gbé ìwé ìṣirò kan dání bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo rí ọkọ mi láàrin àwọn ọmọ náà. Obìnrin gíga kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bá a so okùn fìlà líle tí wọ́n fi ń wọ ihò mọ́ àgbọ̀n. Ọkọ mi gbé àgbọ̀n sókè fún un báyìí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọ tí wọ́n ń wọṣọ fún. Ọkùnrin oníwèé ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ra ìwé yìí mọ́ ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn.

Obìnrin tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wá kó ẹ̀rù bá mi pátápátá. "Àǹtí," ó ní, "ọkùnrin tó bá ní inú ihò lòun ń lọ, ọ̀kan nínú méjì ni. Yálà ó ní ilé míì síbẹ̀, tàbí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣeé wí. Ẹ fura o." Mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀ kúrò lára ọkọ mi. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé. Ilé míì. Ọmọ míì bóyá. Lójú mi, mo ti ń rí ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, tí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí á fa ọmọ kan lọ́wọ́ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tèmi, kí ojú wọn sì jọra. Ọkùnrin yìí ni gbogbo ohun tí mo fi ayé mi ṣe. Tó bá ti pín ara rẹ̀ sí méjì, mo fẹ́ mọ̀ kí n tó darúgbó tán.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ló wọlé lọ́jọ́ kan tó ní, "Màmá wọn, ẹgbẹ́ wa ti pé ọdún mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ ṣàjọyọ̀ ẹ̀ ní Yaba lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n ní kí kálukú mú ẹni ẹ̀ wá."

"Ẹni yín wo?"

"Ìwọ ni, àbí ta ni?"

Àbí ta ni! Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Mo wọ bùbá àti ìró tó dáa, mo wé gèlè kékeré, mo sì ju sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń géṣọ sínú báàgì. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mi ò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Yàrá ńlá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, níbi tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ni pé wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo fèrèsé. Lọ́sàn-án gangan! Mo wo kéèkì wọn. Àpáta ni wọ́n fi ṣe, ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi ṣúgà dúdú ṣe àdán sẹ́nu ihò náà. Ta ló ń jẹ àdán lọ́jọ́ ayẹyẹ?

Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ga, ara rẹ̀ mọ́, ó lè ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Inú wa dùn láti rí yín. Gbogbo ìgbà ni Dádì máa ń sọ̀rọ̀ yín."

Ohùn fóònù! Òun náà ló so okùn fìlà. Mo ní ẹ ṣé o, mo bá wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná gígùn tí wọ́n kùn. Kò jọ ọwọ́ tó ń di abẹ́rẹ́ mú, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Mo jókòó síbi tí mo ti lè máa rí òun àti ọkọ mi pa pọ̀.

Wọ́n kó àwọn nǹkan àtijọ́ ẹgbẹ́ kọ́ sára ògiri: okùn, fìlà líle bíi tàwọn ọlọ́kadà, àwọn báàgì tó ti gbó. Ìgbà tí mo jókòó títí tí mi ò rí nǹkan kan, mo dìde lọ sídìí wọn bí ẹni tó ń wòran. Báàgì àkọ́kọ́: òwú dúdú onílọ̀ọ́po méjì, ẹsẹ̀ adìẹ. Báàgì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo fa ọmọkùnrin kan tó dirun lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ta ló ń bá yín rán nǹkan?"

"Dádì ni o, Mọ́mì! Àwọn ni télọ̀ ẹgbẹ́ wa. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò nínú àpò wọn."

Ọkọ mi! Ọkọ mi tí bọ́tìnì rẹ̀ já láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa, tó jókòó kalẹ̀ tó ń wojú mi, òun ló ń ránṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní Yaba! Mo yíjú sí i. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ṣé ẹ rí gbogbo ìgbà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo rò pé rédíò ló ń gbọ́, ọwọ́ mi ló ń wò. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìdajì ẹrù tó wà láyà mi bọ́ sílẹ̀.

Ìdajì kejì ò kúrò o. Tó bá jẹ́ pé òun ló lẹ ṣòkòtò ara rẹ̀, kí ló dé tó fi lẹ̀ ẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́? Ta ní í fi orúnkún tó ya pamọ́ fún télọ̀ tó wà nílé ẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí orúnkún náà gan-an, níbo sì ni?

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni obìnrin gíga yẹn pàtẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé fún àwa àlejò pé òun kì í wọ ihò, nítorí ikọ́ fée ń yọ òun lẹ́nu. Ẹnu ihò lòun máa ń jókòó sí, iṣẹ́ òun sì ni ìpè. Ó ní iná tó wà lórí fìlà ènìyàn lè kú nínú ihò, ẹ̀rù á mú un, á jókòó, ara rẹ̀ ò sì ní gbé e dìde mọ́. Bí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí, kò ní dáhùn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ti wọ ẹgbẹ́, yóò sọ ohun tí wọ́n lè pè tí yóò fi dìde, ohun yòówù kó jẹ́. Ìyẹn ni ìpè rẹ̀.

"A máa pa iná báyìí," ó ní. "A máa pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ bó ṣe máa ń rí."

Wọ́n pa iná, wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Òkùnkùn náà ṣú biribiri, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ọkọ mi sì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lápá kejì yàrá. Mo ní, ó ti dé nìyẹn o, ohun tí obìnrin oníke sọ. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo di sísọ́ọ̀sì mi mú gírígírí.

"Iná ti dé o!" obìnrin náà ké.

"Mò ń bọ̀ o!" ọmọkùnrin kan dáhùn láti inú òkùnkùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Láńlọ́ọ̀dù wà lẹ́nu ọ̀nà!" Ẹlòmíràn dáhùn ìyẹn.

"Ṣé o ti jẹun?" Ọmọbìnrin kan ló dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń kí òun lórí fóònù nìyẹn. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ti dẹ ọwọ́ lára sísọ́ọ̀sì.

Ni obìnrin náà bá pe oríkì mi.

Kò ṣì í pè. Bí ìyá àgbà ṣe máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn tó bá ń wá mi kiri ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fà á. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dáhùn. "Óò!" mo ní, bí ọmọdé. Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti apá kejì yàrá. "Óò!" Ohùn ọkọ mi ni.

Ta ló fún un ní oríkì mi? Ohun kan ṣoṣo tí mi ò pín fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi ti gbé e fún obìnrin yìí, ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é!

"Ẹ tan iná!" mo pariwo. "Ẹ tan iná yín kí n rí ojú ẹni tó ń pè mí!"

Ẹnì kan fa ọ̀rá ya kúrò lójú fèrèsé. Oòrùn wọlé. Mo rí ara mi láàrin yàrá, mo dìde dúró, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Obìnrin náà yíjú sí mi.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló tún ń jẹ́ ẹ?"

"Olúwa o." Ó jókòó. "A rò pé oríkì ìyá wọn tó ti kú ni. Dádì ní ìyẹn nìkan ni ká pè. Wọ́n jẹ́ kí n máa pè é títí ó fi jọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Mọ́mì, ìpè yẹn ló mú wọn jáde lọ́jọ́sí, nígbà tí wọn ò sùn nílé. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Sọ kí ni fún mi? Ó wá sọ ọ́. Ó ní iná orí Dádì kú nínú ihò kan tó tóró, orúnkún wọn há, wọ́n fà á yọ, lẹ́yìn náà Dádì kàn jókòó. Àwọn tó kù ti jáde kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹnì kan kù. Wọ́n pe Dádì, pe Dádì, kò sí ìdáhùn. Àwọn méjì padà wọlé, wọn ò rí Dádì. Ló bá rántí ìpè tí Dádì ti fún òun, tí wọn ò lò rí. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà tó pẹ́ gan-an ni wọ́n gbọ́ "Óò!" láti ìsàlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń pe Dádì lórí fóònù, torí ẹ̀rù òkùnkùn ò tíì kúrò lára wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bọ́ọ̀sì tó bà jẹ́. Kò sí ilé míì, kò sí ọmọ míì. Ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ihò, ó wá sílé, ó wẹ omi gbígbóná tí mo gbé fún un, ó sì lẹ ṣòkòtò rẹ̀ kí n má baà béèrè. Kí n sọ òótọ́: inú bí mi ju ìgbà tí mo rò pé ó ní obìnrin lọ.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn níta, níbi tó sá lọ. Mi ò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, o ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kó o dá mi dúró sílé."

"Ṣebí mo máa dá ọ dúró ni! Kí lo rò pé mo máa ṣe? Oríkì mi wá ńkọ́? O ò ní tìẹ ni?"

Àwọn ọlọ́kadà ń pariwo nísàlẹ̀.

"Wọ́n pe èmi," ó ní. "Mò ń gbọ́ wọn dáadáa. Mo kàn ń rò ó pé ó ti rẹ̀ mí, kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i. Ìgbà tí mo gbọ́ tìẹ, mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fún wọn. Mo rò pé ìwọ ni wọ́n ń wá. Mo ní, ibo ló gbà lọ nínú òkùnkùn yìí? Ni mo bá dìde kí n wá ọ."

Mo gbá a léjìká. Mo tún gbá a. Lẹ́yìn náà mo dì í lọ́wọ́ mú, a padà wọlé lọ jẹ kéèkì àpáta. Èmi ni mo jẹ àdán.

Ẹ má rò pé ìfura mi tán síbẹ̀ o. Mo sọ fún obìnrin náà kí n tó lọ pé tí ọkọ mi bá tún máa wọ ihò, kò sí ẹlòmíràn tó máa pe oríkì mi mọ́. Ó ní, "Ta ló máa wá pè é, Mọ́mì?" Mo ní ta ló rò.

Nígbà tí wọ́n tún lọ, mo bá wọn lọ. Mo jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́nu ihò, báàgì mi lórí itan, mò ń wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń rákòrò wọlé. Mo wo ojú ihò náà, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń jáde nínú ẹ̀, tòun ti òórùn ìgbẹ́ àdán. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ lójú, ẹrẹ̀ lórí. Ọkọ mi ò jáde. Wọ́n ní Dádì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò gbà wọ́n gbọ́.

Mo dìde. Ojú ń tì mí, torí ta ló máa ń pe oríkì ara rẹ̀? Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ihò, mo pe ara mi sínú òkùnkùn, mo fà á gùn bí ìyá àgbà ṣe máa ń fà á. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un pè. Kò sí. Mo tún pè é, ohùn mi ti fẹ́ di ẹkún.

"Óò!" Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Lẹ́yìn náà ló ní: "Níbo lo wà?"

"Ìta ni mo wà," mo ní. "Ẹ máa bọ̀."